Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta Ni Kí Ó Kọ́kọ́ Mú Ẹran?

ÌBÉÈRÈ

Mo kí ẹ̀yin olóòtú ojú ìwé yìí, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni mí, Ìbàdàn sì ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ọkùnrin ni àkọ́bí wa, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Obìnrin ló tẹ̀ lé e, ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ọkùnrin náà ni àbíkẹ́yìn wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́ta yìí kì í tán lẹ́nu wa. Lálẹ́, tí wọ́n bá ti sùn, èmi àti bàbá wọn máa ń ro ohun tí wọ́n ṣe lọ́sàn-án fún ara wa, a ó sì máa rẹ́rìn-ín títí oorun yóò fi gbé wa lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú ọ̀rọ̀ wọn tí ẹ̀rín kò lè dáhùn, nítorí rẹ̀ ni mo ṣe kọ̀wé sí yín.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí oúnjẹ, nítorí ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti pọ̀ jù. Láìpẹ́ yìí, mo se mọ́ínmọ́ín eléwé, mo sì rí i dájú pé ìlàjì ẹyin ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni tó tú ewé tirẹ̀, ọmọ mi obìnrin ti bú sẹ́kún pé ẹyin àbúrò òun tóbi ju ti òun lọ. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ nígbà tí a kò tíì tú u. Ó ní òun fi imú gbọ́ ọ. Nígbà tí a tú méjèèjì, tí a sì rí i pé wọ́n dọ́gba, kò jáwọ́. Ó ní pupa ẹyin ti àbúrò òun ló pọ̀ jù.

Míníràlì ńkọ́? Bí mo bá bu ú fún wọn, ife tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga ni àwọn méjì tó kéré máa ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àkọ́bí mi, tó fẹ́ràn láti máa ṣe olùkọ́, da ti inú ife tó fẹ̀ sínú èyí tó ga níṣojú wọn, ó tún dà á padà, ó sì ṣàlàyé pé bákan náà ni wọ́n. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wò ó tán, ó mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé, ó wá ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi da tèmi sínú èyí tó ga yẹn, kó lè pọ̀ sí i." Àbíkẹ́yìn ní tirẹ̀ kò béèrè ju pé kí n gé ẹran òun sí méjì. Bí mo bá ti gé e, ẹran méjì ló ní nìyẹn, yóò sì máa gbé àwo rẹ̀ káàkiri láti fi han àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí tiwọn ṣì jẹ́ ẹyọ kan.

A ti kọ́ wọn láti máa fi ọ̀wọ̀ pe ẹni tó bá jù wọ́n lọ. Àbíkẹ́yìn mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí ó bá fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé òun gun kẹ̀kẹ́, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́ sà" ni ẹ ó máa gbọ́. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti dúró, orúkọ gan-an ni yóò fi pè é, yóò sì fa orúkọ náà gùn láti iyàrá títí dé ilé ìdáná. Èyí tó jẹ́ obìnrin kì í gbàgbé pé "Àǹtí" ni kí àbúrò òun máa pe òun, ṣùgbọ́n ìrètí mìíràn wà lọ́kàn rẹ̀. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Mọ́mì, tí mo bá pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ṣé Bọ̀dá ni yóò wá máa pe èmi ní Àǹtí?"

Nínú ọkọ̀, ìdí fèrèsé ni ìjà wà. Bí a bá ti pín in tán, tí kálukú ti jókòó, ẹnì kan yóò tún pariwo pé, "Dádì, ó ń gba fèrèsé mi wòta!" Síbẹ̀, nígbà tí ọmọ kan ti àbíkẹ́yìn ṣubú ní ilé ìwé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tó gé e jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ló lọ dúró síwájú ọmọ ọ̀hún tó sì sọ fún un pé òun nìkan ni òun fàyè gbà láti lù ú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yí padà rèé. Àkọ́bí mi fi páálí ṣe ọkọ̀ kan, ó fi ìdérí ìgò ṣe táyà rẹ̀, ó sì pẹ́ nídìí rẹ̀. Àbíkẹ́yìn rí i, ó sunkún pé òun fẹ́ ẹ. Mo sọ ohun tí ìyá tèmi máa ń sọ: "Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n, fi sílẹ̀ fún un." Ó gbé e fún un. Lẹ́yìn náà ló wá bá mi, ó rọra ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ lè bá mi bẹ Ọlọ́run kó sọ èmi náà di àbúrò?" Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ṣé ó tọ́ kí ẹ̀gbọ́n máa fi nǹkan sílẹ̀ nígbà gbogbo? Ọkọ mi ní kí n jẹ́ kí wọ́n máa yanjú ìjà wọn fúnra wọn. Èmi rò pé bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó lágbára jù ni yóò máa borí. Ta ló jàre nínú wa? Ṣé àwọn ọmọ tó ń jà báyìí yóò fẹ́ràn ara wọn bí wọ́n bá dàgbà?

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ohun tí àkọ́bí yín sọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, nítorí pé ọmọ náà ti ṣàkíyèsí ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí kò fiyè sí. Ó ti ka èrè àti àdánù tó wà nínú ipò ẹ̀gbọ́n nílé yín, ó sì rí i pé àdánù ló pọ̀ jù. N kò lè dá a lẹ́bi.

Ní àwọn agbo ilé wa látijọ́, inú àwo kan náà ni àwọn ọmọ ti máa ń jẹun. Ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú ẹran, èyí tó tẹ̀ lé e á mú, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ títí yóò fi kan èyí tó kéré jù. Àbúrò ló ń bu omi ìṣanwọ́ wá, òun náà ló sì ń kó àwo kúrò nílẹ̀. Àǹfààní gidi ni èyí, gbogbo ojú ló sì ń rí i. Ṣùgbọ́n ẹrù tó bá àǹfààní náà dọ́gba wà lọ́rùn ẹ̀gbọ́n: òun ló ń pọn àbúrò sẹ́yìn bí ìyá bá lọ sọ́jà, òun ni wọ́n ń bá wí bí àbúrò bá ṣubú, bó bá sì dàgbà tó ríṣẹ́, òun ni wọ́n ń retí pé kó ran àwọn tó tẹ̀ lé e níwèé. Kódà, ẹran tó kọ́kọ́ mú yẹn ní òfin tirẹ̀, torí àwọn àgbà ti sọ pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ẹ wá wo bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀ ilé lónìí. Kálukú ló ní àwo tirẹ̀, ẹran sì dọ́gba. Ohun tó dára ni, n kò sì fẹ́ kí ẹ yí i padà, nítorí pé ọmọ ọdún mẹ́ta tí ara rẹ̀ ń dàgbà nílò ẹyin àti ẹran gan-an, àwọn ọmọ kéékèèké tí omi ọbẹ̀ lásán ń kàn nínú ètò àtijọ́ kò sì kéré. Aburú tó wà níbẹ̀ ni pé a ti gba àǹfààní kúrò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, a sì fi ẹrù sílẹ̀ lórí rẹ̀ bó ti wà. "Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n" kì í jáde lẹ́nu wa mọ́ àyàfi bí a bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ náà. Ìgbà wo la sọ ọ́ gbẹ̀yìn nígbà tí a fẹ́ fún un ní nǹkan? Bí ọmọ bá gbọ́ gbólóhùn yìí nígbà tí wọ́n ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tó tún gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n ń lé e dìde lórí àga, tí kò sì gbọ́ ọ nígbà ayọ̀ kankan, kò burú bó bá ń bẹ Ọlọ́run pé kó gba oyè náà padà.

Nítorí náà, ẹ wá àǹfààní tí kò gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, kí ẹ so ó mọ́ ipò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó máa pẹ́ sùn díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, kí ó fi àkókò náà jókòó ti bàbá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa bá yín lọ ra búrẹ́dì lálẹ́, kí ó sì jẹ́ òun ni yóò yan èyí tí ẹ ó rà. Ẹ fún un ní àpótí kan tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì fi òfin lé e pé ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ ṣí i. Ohunkóhun tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tó sì kó sínú rẹ̀, kò sí ẹkún àbíkẹ́yìn tó lè gbé e jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ọkọ̀ páálí yẹn padà fún un bí kò bá tíì fọ́. Kí ẹ sọ fún àbíkẹ́yìn pé, "Ti Bọ̀dá rẹ ni, tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀." Mo ti ṣàkíyèsí pé ọmọ tó dá lójú pé ohun ìní òun kò ní bọ́ lọ́wọ́ òun máa ń yá ẹlòmíràn lò ní ìrọ̀rùn, nígbà tí ẹni tí wọ́n ti gba tirẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà máa ń di gbogbo nǹkan mú pinpin.

Ní ti ife tó ga àti èyí tó fẹ̀, ọmọbìnrin yín kì í ṣe olójúkòkòrò rárá. Jean Piaget, onímọ̀ ará Switzerland tí wọ́n bí ní 1896, tó sì kú ní 1980, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí àwọn ọmọdé ṣe ń ronú, ohun tí àkọ́bí yín ṣe níwájú àwọn àbúrò rẹ̀ gan-an sì ni òun náà ṣe: ó da omi láti inú ife kan sínú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, ó sì bi ọmọ léèrè èwo ló pọ̀. Ọmọ tí kò tíì tó bí ọdún mẹ́fà tàbí méje sábà máa ń sọ pé inú ife tó ga ló ti pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe dà á. Ojú rẹ̀ ti gbé gíga, kò sì tíì lè fi fífẹ̀ rò ó pọ̀. Ohun kan náà ló mú kí ẹran tí a gé sí méjì di ẹran méjì lójú àbíkẹ́yìn. Ẹ má ṣe fi àlàyé dá ara yín lágara, ẹ má sì ṣe nà án nítorí rẹ̀. Ẹ ra ife mẹ́ta tó jọra, ìjà míníràlì yóò rọlẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun tí a lè gé ni, bí àkàrà òyìnbó tàbí ọsàn, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gé e, kí ẹnì kejì sì kọ́kọ́ mú. Ẹ ó rí i bí ẹni tó di ọ̀bẹ mú yóò ṣe fara balẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Piaget tún bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ orí, ó sì rí i pé gíga ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré fi ń mọ àgbà: ẹni tó bá ga ni ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá sì lè ga sí i lè ré ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá. Ìbéèrè ọmọbìnrin yín, nígbà náà, kì í ṣe àfojúdi, àfi kí ẹ fún un lésì tí ó lè rí. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́jọ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ fi márùn-ún síwájú tirẹ̀, kí ẹ wá máa fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan kún un fún àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò lè dùn mọ́ ọn nínú, ṣùgbọ́n yóò yé e ju kí ẹ sọ pé kò ṣeé ṣe.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà" àbíkẹ́yìn yín wú mi lórí púpọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó mọ ohun tí ọ̀wọ̀ lè ṣe nínú ọkàn ẹlòmíràn ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ńlá, ẹ̀gbọ́n ló sì ń kọ́ ọ. Ní 1994, Josef Perner, Ted Ruffman àti Susan Leekam gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà mọ̀ pé ẹlòmíràn lè gbà gbọ́ ohun tí kì í ṣe òótọ́: bí ẹnì kan bá fi nǹkan síbì kan, tó jáde, tí wọ́n sì gbé nǹkan náà síbòmíràn lẹ́yìn rẹ̀, níbo ni yóò ti kọ́kọ́ wá a? Àwọn ọmọ tó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò nílé ló mọ̀ ọ́n jù. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí wọ́n ń gbé bisikíìtì rẹ̀ pamọ́ lójoojúmọ́ kò lè pẹ́ kó tó mọ̀ pé ohun tí òun mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ẹlòmíràn mọ̀.

Lórí èdè àìyedè ẹ̀yin àti ọkọ yín, mo pín ẹjọ́ náà sí méjì. Bí ọwọ́ tàbí eyín bá ti wọ ìjà náà, ẹ̀yin lẹ jàre: ẹ wọlé kíá, ẹ là wọ́n, kí ẹni tí ara ń dùn sì kọ́kọ́ gba ìtọ́jú kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni wí. Bó bá ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, bàbá wọn ló jàre. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀, ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ń ná an. Ohun kan tí ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ ni "Ta ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀?" Ìbéèrè yẹn kò ní òpin, bí ẹ bá tọpa rẹ̀ sẹ́yìn dáadáa, ọjọ́ ìkómọ àbíkẹ́yìn ni ẹ ó bá a já. Judy Dunn àti Carol Kendrick, tí wọ́n lọ jókòó sínú ilé àwọn ènìyàn ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì wo bí àwọn ọmọ ṣe gba àbúrò tuntun, rí i pé níbi tí ìyá ti ń bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ nípa ìkókó bí ẹni tó ní ìfẹ́ inú àti ìmọ̀lára tirẹ̀, àwọn ọmọ náà máa ń ṣe dáadáa sí ara wọn lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ lè lò ó báyìí. Dípò "ìwọ ni ẹ̀gbọ́n," ẹ sọ pé, "Ọkọ̀ tí o ṣe yìí wù ú débi pé kò lè mú un mọ́ra." Kí ẹ yíjú sí àbíkẹ́yìn pé, "Wo ojú Bọ̀dá rẹ. Inú rẹ̀ bà jẹ́ nítorí ó pẹ́ kó tó ṣe é tán."

Ẹ má ṣe bẹ̀rù pé bí ẹ kò bá fi agídí sọ ọ́ di ẹ̀gbọ́n, kò ní gbọ́n. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ìwà àkọ́bí yàtọ̀ láti inú wá, pé àbíkẹ́yìn kò lè ṣe kó má bàjẹ́. Ní 2015, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Jámánì, Julia Rohrer, Boris Egloff àti Stefan Schmukle, yẹ ìwà àwọn ènìyàn tó lé ní 20,000 wò ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì, wọn kò sì rí i pé ipò tí a bí ènìyàn sí fi àpẹẹrẹ kan pàtó sílẹ̀ nínú ìwà rẹ̀ nígbà tó dàgbà. Iṣẹ́ tí a fi rán ọmọ ni ipò ẹ̀gbọ́n jẹ́, ẹni tí a bá sì rán níṣẹ́, ó yẹ kí a fún un lówó ọkọ̀.

Bóyá wọn yóò fẹ́ràn ara wọn? Ẹ bi ọmọ tó ti àbíkẹ́yìn yín ṣubú ní ilé ìwé.

ÌBÉÈRÈ

Ìbejì obìnrin ni Ọlọ́run fi ta èmi àti ìyàwó mi lọ́rẹ, ọmọ ọdún mẹ́rin ni wọ́n, ní Abẹ́òkúta. Ìyá mi ti sọ fún wọn pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, pé òun ló rán Táíwò wá wo ayé. Láti ọjọ́ náà ni ilé kò ti rọgbọ. Kẹ́hìndé a ní kí Táíwò lọ bu omi wá fún òun. Táíwò a ní iṣẹ́ tí òun kọ́kọ́ jẹ́ ṣì wà lọ́rùn Kẹ́hìndé, pé kó kọ́kọ́ sanwó rẹ̀. Olùkọ́ wọn tún kọ orúkọ Táíwò síwájú nínú ìwé, ni Kẹ́hìndé bá kọ̀ láti dáhùn nígbà tí wọ́n pè é. Ta ni kí a mú ní ẹ̀gbọ́n?

Bàbá Ìbejì, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Ẹ kú oríire, Bàbá Ìbejì. Òótọ́ ni ìyá yín sọ, bẹ́ẹ̀ la ti bá a: ẹni tó rán ènìyàn níṣẹ́ ni àgbà, Táíwò ló jẹ́ iṣẹ́, Kẹ́hìndé ló rán an. Ìlànà yìí ti pẹ́ láàárín àwa tí ìbejì pọ̀ lọ́dọ̀ wa tó bẹ́ẹ̀ tí Igbó-Ọrà fi ń ṣe àjọ̀dún wọn láti 2018. Ẹ má ṣe ja ìyá yín níyàn níwájú àwọn ọmọ.

Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ló sọ pé ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan nínú ìbejì la gbọ́dọ̀ ṣe fún èkejì, ibẹ̀ ni kí ẹ dì mú. Ẹ jẹ́ kí ọ̀wọ̀ Kẹ́hìndé wà níbi tí ẹbí bá ti péjọ, tí a ń ki wọ́n, tí a ń ṣàdúrà fún wọn. Nínú ilé, ẹ pín ọjọ́: lónìí, Kẹ́hìndé ni yóò bu omi, lọ́la, Táíwò ni. Ẹ so ó mọ́ ara ògiri kí wọ́n máa wò ó fúnra wọn, kí ẹ fi àwọ̀ méjì yà á sọ́tọ̀ níwọ̀n ìgbà tí wọn kò tíì mọ̀wé kà. Ní ti olùkọ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó to orúkọ gbogbo kíláàsì bí álífábẹ́ẹ̀tì ti tò ó. Kẹ́hìndé ni yóò ṣáájú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí Táíwò máa kọ́kọ́ wọkọ̀ bí ẹ bá ń gbé wọn lọ sílé ìwé.